Orúnkún Ìyàwó Ilé

Lagos Town, Accra,
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún, 1997.

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú àmójútó agbo ilé. Mo kí Ìyá àgbà, mo kí ìyàwó ọmọ yín àti àwọn ọmọ rẹ̀. A dúpẹ́ pé Ọlọ́run jẹ́ kí a fojú kan ara wa nígbà Iléyá. Mo ti padà dé Accra láìfarapa, àfi pé ọ̀nà jìn, wọ́n sì ń sọ̀ wá kalẹ̀ ní gbogbo ẹnu bodè kí a lè fẹsẹ̀ rìn kọjá. Kí a tó dé Lómè, ó ti rẹ̀ mí tẹnutẹnu.

Ọ̀rọ̀ tí mi ò rí àyè sọ délẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ yín ni ti Fàrídà ọmọ wa. Àwọn òbí Suhaib ti wá tọrọ rẹ̀. Alhaji Yàkúbù ti Sabon Zongo ni bàbá ọmọkùnrin náà. Ọmọ Ìlọrin ni wọ́n láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Hausa ni wọ́n ń sọ nínú ilé wọn. Suhaib ń tún fíríìjì ṣe, ó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, ó ń kírun, kì í sì í ṣe aláriwo. Oṣù kọkànlá ni wọ́n fẹ́ kí a so yìgì, kí ààwẹ̀ tó wọlé.

Ó ti di ọdún márùn-ún tí bàbá Fàrídà ti fi wá sílẹ̀. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni bàbá tó kù fún ọmọ náà. Lèmọ́mù wa níbí sọ pé ẹ̀yin lẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti fà á fún ọkọ, àfi bí ẹ bá fẹnu ara yín yan ẹni tí yóò dúró fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ rí níbẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn kí n lè rí nǹkan sọ fún àwọn àna.

Abíọ́lá awakọ̀ ló ń mú lẹ́tà yìí bọ̀. Mo fi ìkòkò irin méjì rán an sí yín, èyí tó tóbi jẹ́ ti Ìyá àgbà. Kí wọ́n fi omi gbígbóná ṣàn án dáadáa kí wọ́n tó gbé e kaná.

Èmi ìyàwó yín,
Ràfíátù.


Ọ̀fà,
Ọjọ́ kejì oṣù keje, 1997.

Ìyàwó wa,

Àlàáfíà ni a wà, gbogbo ẹni tí o kí ló ń kí ọ padà. Ìkòkò dé. Ìyá àgbà, Ìyá Àsíátù, ń ṣàdúrà fún ọ lórí rẹ̀. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ Fàrídà, inú mi sì dùn, torí ọmọ Fatawu àbúrò mi, ọmọ mi ni.

Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bi ọ́ léèrè ọ̀rọ̀ kan. Ní àárọ̀ ọjọ́ Iléyá, nígbà tí a ti yídì dé, gbogbo agbo ilé pé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi. Àwọn ìyàwó ilé ń wá kúnlẹ̀ kí mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kàn ọ́, o dúró níwájú mi, o tẹ̀ díẹ̀ bí ẹni tí abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, o ní, "Bàbá, ẹ kú ọdún," o sì kọjá. Bẹ́ẹ̀ náà lo ṣe fún Ìyá Àsíátù, òun tó jẹ́ pé òun nìkan ló ṣẹ́ kù nínú àwọn ìyàwó bàbá wa. Ojú tì mí. Ẹran àgbò tí mo fọwọ́ ara mi pa, mi ò lè jẹ ẹ́.

Ṣé ìwọ náà nìyẹn? Nígbà tí wọ́n lé yín ní Gánà ní 1969, tí ìwọ àti Fatawu gbé ẹrù lórí dé bá wa, kí ẹ tó tún padà lọ, o máa ń kúnlẹ̀ kí ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú nínú ilé yìí. Ìwọ ni a fi ń ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ìyàwó tó dé lẹ́yìn rẹ. Ní báyìí, Làtífátù ìyàwó ọmọ mi ti ń gbé oúnjẹ fún mi lórí ìdúró. Mo bá a wí, ó ní, "Bàbá, ṣebí Ìyá Gánà náà ò kúnlẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì sọ̀rọ̀."

A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Bí ó bá jẹ́ pé Gánà ti gbà ọ́ lọ́wọ́ wa, kò burú. Ẹni tí o ń kúnlẹ̀ fún ní Accra ni kí o bẹ̀, kó wá fa ọmọ fún ọkọ. Mi ò bú ọ o. Ó rẹ̀ mí ni.

Bàdírù.


Lagos Town, Accra,
Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù keje, 1997.

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ nínú ìwé yìí, torí ibẹ̀ nìkan ló kù tí mo ti lè kúnlẹ̀.

Mo ka lẹ́tà yín tán, mi ò lè dìde nídìí ọjà. Ẹ má bínú. Orúnkún mi ló bàjẹ́, méjèèjì, ṣùgbọ́n ti ọ̀tún ló burú jù. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta. Mi ò sọ fún yín nígbà Iléyá torí mi ò fẹ́ kí wọ́n máa fi ojú abirùn wò mí nínú ilé ọkọ tí ọkọ kò sí mọ́. Ìró méjì ni mo ró léra kí wọ́n má baà rí bó ṣe wú. Mo rò pé bí mo bá tẹ̀ díẹ̀, ẹ ó kàn sọ pé ìrìn ọ̀nà ló ṣì wà lára mi.

Dókítà ti ya fọ́tò inú eegun náà. Ó ní kèrékèré tó wà láàárín eegun méjì, tó yẹ kó jẹ́ kí wọ́n máa yọ̀ lára ara wọn, ti jẹ tán. Ọjọ́ orí wà níbẹ̀, ẹrù tí mo rù láti ìgbà èwe náà wà níbẹ̀. Eegun wá ń gbo eegun. Nígbà tí ara rí i pé nǹkan ti bàjẹ́ níbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hu eegun kéékèèké mìíràn sí etí rẹ̀, bí ẹni pé yóò fi tún un ṣe. Ẹ wo bí ara ṣe gọ̀ tó. Àtúnṣe ọ̀hún ló wá di ìdènà, tí orúnkún kò fi lè ká mọ́.

Ẹ̀yin mọ̀ pé ìkòkò irin ni mò ń tà. Ní Agbogbloshie, níbi tí wọ́n ti ń ṣe wọ́n, bí àwọn ọmọkùnrin bá da irin tí wọ́n ti yọ́ sínú yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n fi mọ ìkòkò, díẹ̀ máa ń yọ jáde létí, á sì gan síbẹ̀ ṣóńṣó-ṣóńṣó. Wọ́n á fi fáìlì irin fá a dán kí n tó gbà á lọ́wọ́ wọn. Bí mo ṣe rí fọ́tò yẹn, mo sọ fún dókítà pé ìkòkò tí wọn ò tíì fá rèé. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní tèmi kò ṣe é fá bẹ́ẹ̀, pé bí a tilẹ̀ fá a, kèrékèré tó ti jẹ kò ní padà wá, òmíràn sì lè tún hù. Ó fún mi lóògùn ìrora. Ó ní kí n má ru ẹrù mọ́, kí n má sì kúnlẹ̀ mọ́.

Mo lè rìn, bó tilẹ̀ ń dùn mí. Kíká ni kò ṣe é ká. Mo fi fọ́tò náà sínú àpò ìwé yìí. Ẹ gbé e sókè sí oòrùn, ẹ ó rí àwọn ṣóńṣó náà. Ẹ dákun, bí ẹ bá ń bá mi bínú, èmi ni kí ẹ bá bínú, ẹ má fi jẹ Fàrídà níyà.

Ìyàwó yín tí kò gbéraga,
Ràfíátù.


Lagos Town, Accra,
Ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹsàn-án, 1997.

Bàbá mi,

Ṣé kò sí nǹkan nílé? Ara yín le? Mo bi Abíọ́lá, ó ní òun fi lẹ́tà àti fọ́tò náà lé yín lọ́wọ́, pé ẹ tilẹ̀ fún òun lómi mu. Láti ìgbà náà, mi ò gbúròó yín.

Alhaji Yàkúbù wá lánàá. Ó jókòó, ó béèrè àlàáfíà mi, ó wá ní, "Ràfíátù, ṣé ọmọ yìí kò ní ẹbí bàbá ni?" Kò fi ìbínú sọ ọ́, ìyẹn ló jẹ́ kó dùn mí. Ó ní àwọn yóò dúró di àárín oṣù tó ń bọ̀. Bí a kò bá rí ẹni dúró fún un, wọ́n á sún yìgì náà síwájú. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ayé máa ń sọ nípa ọmọbìnrin tí wọ́n sún yìgì rẹ̀. Ní Zongo, wọn ò ní sọ pé orúnkún ìyá rẹ̀ ló fà á.

Fàrídà gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti inú yàrá. Ẹ mọ̀ pé Yorùbá rẹ̀ kò já geere. Ó jáde sí mi, ó ń sunkún, ó ní, "Maame, adɛn? Kí ló dé? Torí pé ẹ ò kúnlẹ̀ ni Bàbá ò fẹ́ wá? Ẹ jẹ́ kí èmi lọ kúnlẹ̀ fún wọn, mesrɛ wo, mo bẹ̀ yín." Mo ní kó lọ fọ ojú rẹ̀.

Àga gíga ni mo fi ń tajà báyìí. Bí ọjà bá tú, mo ní láti dúró kí ẹsẹ̀ jí kí n tó lè gbé e. Bí mo bá ń wọ ọkọ̀ trotro, ọmọ ọkọ̀ á máa pariwo lé mi lórí pé, "Alata maame, ìyá Yorùbá, yɛnkɔ, ẹ jẹ́ ká lọ!" Gbogbo ọkọ̀ á máa wò mí. Mi ò lókun ìjà mọ́, Bàbá. Bí ẹ bá ṣì ń bínú, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ pé ẹ ṣì ń bínú. Ìdákẹ́ yín ló ń dá mi lágara.

Ràfíátù.


Ọ̀fà,
Ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹsàn-án, 1997.

Ìyá Fàrídà,

Lẹ́tà rẹ méjèèjì wà lọ́wọ́ mi. Ara mi le, àyàfi ikọ́ díẹ̀.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ká ní o yọ́ wá bá mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí o dé, kí o sọ pé, "Bàbá, orúnkún mi rèé," èmi fúnra mi ni ì bá sọ fún agbo ilé pé kí wọ́n gbé àga fún ọ. Kò ní dé ibi tó dé yìí. Gbangba lo ti ṣe é, ìkọ̀kọ̀ lo ti ń ṣàlàyé.

Mo gbé fọ́tò náà sókè sí oòrùn bí o ṣe wí. Mo rí eegun, mo rí nǹkan ṣóńṣó létí rẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi tí mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi já tíkẹ́ẹ̀tì ní rélùwéè, kí ni mo mọ̀ nípa eegun? Mo fi han àwọn ará ilé. Ẹnì kan ní eegun kì í déédéé hù, pé kí o wo ẹni tí ẹ jọ ń tajà dáadáa. Làtífátù ní fọ́tò náà kò ní orúkọ lára, ta ló mọ̀ bóyá orúnkún ẹlòmíràn ni. Òmíràn ní òun àti ìwọ jọ fẹsẹ̀ rìn lọ sí ọjà nígbà tí o wà níbí, pé orúnkún tó lè dé ọjà yẹ kó lè kí èèyàn. Mo gbìyànjú láti sọ fún wọn pé kíká yàtọ̀ sí rírìn. Wọ́n ń wò mí bí ẹni tí o ti fún ní nǹkan jẹ.

Wọ́n tún ní orí àga lo ti ń kírun. Bí Ọlọ́run bá gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ, ta ni èmi tí mi ò ní gbà á? Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kò ní ìyàwó ilé mọ́kànlá tó ń wo ojú rẹ̀ lárààárọ̀. Èmi ni mo ní wọn. Bí mo bá wọ ọkọ̀ wá sí Accra lórí ọ̀rọ̀ yìí láìjẹ́ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀, àṣẹ mi tán nínú ilé yìí nìyẹn.

Nítorí náà, wá lẹ́ẹ̀kan. Kúnlẹ̀ lójú gbogbo wọn, kódà bí kò ju kí o fi kanlẹ̀ kí o sì dìde. Kí ẹnu pa. Èmi yóò sì wá sí Accra nígbà tí àkókò bá tó, màá fa Fàrídà fún ọkọ rẹ̀ tayọ̀tayọ̀.

Bàdírù.


Lagos Town, Accra,
Ọjọ́ kẹfà oṣù kẹwàá, 1997.

Bàbá mi,

Mò ń bọ̀. Ọ̀la ni Abíọ́lá ń gbéra, yóò mú ìwé yìí ṣáájú mi. Èmi yóò wọ ọkọ̀ ní Ọjọ́bọ̀.

Mi ò ní àlàyé kankan mọ́. Gbogbo èyí tí mo ní, mo ti ṣe é tán. Fàrídà fẹ́ tẹ̀ lé mi, mo kọ̀, mi ò fẹ́ kó rí i.

Nǹkan méjì ni mo fi ń bẹ̀ yín. Kí wọ́n tẹ́ ẹní nípọn síbẹ̀, kí n má kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì. Kí ó sì jẹ́ obìnrin ni yóò gbé mi dìde, torí mi ò ní lè dá dìde.

Ràfíátù.


Ọ̀fà,
Ọjọ́ keje oṣù kẹwàá, 1997.

Ìyàwó wa,

Mi ò lè dúró de Abíọ́lá. Awakọ̀ mìíràn tó ń kó àgbàdo lọ sí Kútọnu ni mo bẹ̀, ó ní òun mọ ẹni tí yóò gbé e dé Accra. Bí ìwé yìí bá bá ọ nílé, má wá.

Lánàá, Ìyá Àsíátù ní kí n gbé fọ́tò náà wá kí òun wò ó. Kò sẹ́ni tó rántí fi hàn án láti ọjọ́ yìí. Ojú rẹ̀ kò ríran tó bẹ́ẹ̀ mọ́, mo gbé e sí ẹnu ọ̀nà fún un níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ó fi ìka tọ àwọn ṣóńṣó náà lọ títí. Lẹ́yìn náà ló ká ìró rẹ̀ sókè díẹ̀, ó ní kí n fọwọ́ kan orúnkún òun. Mo fọwọ́ kàn án. Ó le, ó sì rí gbágungbàgun. Ó ní láti ìgbà tí bàbá mi ti wà láyé ló ti rí bẹ́ẹ̀, pé gbogbo ìgbà tí òun bá kúnlẹ̀ gbé omi fún wọn, òun máa ń deyín mọ́ra kí òun má baà ké.

Mo ní, "Ìyá, kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

Ó ní, "Ta ló bi mí?"

Ìyá Fàrídà, òun ni o ò kúnlẹ̀ fún nígbà Iléyá. Mo bi í bóyá ó dùn ún nígbà náà. Ó ní ohun tó dun òun ni pé òun mọ ohun tó ń ṣe ọ́, òun ò sì lè sọ ọ́, kí wọ́n má baà bi òun bí òun ṣe mọ̀. Láti àná, bí obìnrin kankan bá kúnlẹ̀ fún mi nínú ilé yìí, ojú rẹ̀ ni mo ń wò.

Mo pe gbogbo wọn jọ ní àárọ̀ yìí. Mo ní orí àga ni Ìyá Gánà àti Ìyá Àsíátù yóò ti máa kí èèyàn láti òní lọ, ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn, kó wá bá mi. Àwọn kan kùn. Wọ́n á kùn tán.

Mò ń bọ̀ ní Accra. Sọ fún Alhaji Yàkúbù pé ọmọ náà ní bàbá. Jókòó sílé, kí o tọ́jú ara rẹ.

Bàdírù.


Lagos Town, Accra,
Ogúnjọ́ oṣù kẹwàá, 1997.

Bàbá mi,

Ẹ kú ìtọ́jú ọjọ́ yẹn, ẹ kú oúnjẹ, ẹ kú owó ọkọ̀ tí ẹ fi kún tèmi. Ìwé yín ni mo bá nílé. Fàrídà ní lẹ́yìn tí mo jáde ni wọ́n mú un wá. Ibì kan lójú ọ̀nà ni èmi àti ìwé náà ti kọjá lára ara wa.

Ẹ̀rín ni Alhaji Yàkúbù rín nígbà tí mo jẹ́ iṣẹ́ yín fún un. Wọ́n ti mú ọjọ́: ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kọkànlá. Lèmọ́mù ti gbọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tètè gbéra, kí ẹ lè sinmi kí ọjọ́ tó pé. Fàrídà ń kọ́ bí a ṣe ń kí yín ní Yorùbá. Ó ń kọ́ ọ sókè láti àárọ̀ dalẹ́.

Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ yín, ẹ bi mí léèrè ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì, mi ò dá yín lóhùn. Ẹ jẹ́ kí n dá yín lóhùn nísinsìnyí. Nígbà tí mo wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín, ẹ dìde, ẹ ní, "Má kúnlẹ̀ o, mo ti kọ̀wé sí ọ." Gbogbo wọn gbọ́. Mo sì kúnlẹ̀. Kì í ṣe pé mi ò gbọ́ yín. Mo ti ru ìkúnlẹ̀ yẹn láti Accra, Bàbá. Mo rù ú kọjá bodè Aflao, mo rù ú fẹsẹ̀ rìn kọjá Sẹ̀mẹ̀ nínú oòrùn, tí àwọn aṣọ́bodè ń sọ pé kí n yára. Mi ò lè tún rù ú padà. Mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ilé yẹn sọ lọ́jọ́ kan pé àánú ni ẹ fi fa Fàrídà fún ọkọ.

Mo rí ojú yín nígbà tí orúnkún náà dún. Ẹ má dá ara yín lẹ́bi. Làtífátù wà lára àwọn tó gbé mi dìde, omi ojú rẹ̀ bọ́ sí mi lọ́rùn. Bó bá tún gbé oúnjẹ fún yín lórí ìdúró, ẹ jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ yìgì, orí àga ni ẹ ó ti bá mi, ẹ má retí pé kí n dìde. Fàrídà ni yóò kúnlẹ̀ gbàdúrà yín. Orúnkún tirẹ̀ ṣì dáa.

Mi ò tíì dé ọjà láti ìgbà tí mo ti dé. Ẹsẹ̀ ọ̀tún kò ṣe é tẹ̀ mọ́lẹ̀ rárá. Suhaib ló gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn lánàá. Wọ́n ya fọ́tò mìíràn. Dókítà ní ọ̀kan nínú àwọn eegun tó hù náà ti kán bọ́ sínú oríkèé, òun ló há síbẹ̀. Inú ń bí i. Ó ní ṣé mo ṣubú ni, tàbí mo tún lọ ru ìkòkò lẹ́yìn tí òun ti kìlọ̀ fún mi. Mo ní rárá, mi ò ṣubú, mi ò ru nǹkan kan. Ó ní, "Maame, kí lo wá fi orúnkún yìí ṣe?"

Mo ní ilé ọkọ mi ni mo lọ kí.

Ìyàwó yín,
Ràfíátù.